Ilé Yìí Á Wá Tóbi

Láti aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo ti jókòó ti máṣìnì, mi ò tíì rán nǹkan kan. Nẹ́pà mú iná lọ, wọ́n dá a padà, wọ́n tún ti mú un lọ. Bùbá oníbàárà tí mo ṣèlérí fún pé màá parí tiẹ̀ kí n tó kó àwọn ọmọ mi lọ bá ọkọ mi ní Ítálì wà lórí itan mi, ọrùn ẹ̀ nìkan ló kù, ọwọ́ mi ò sáà fẹ́ lọ síbẹ̀. Ohun tí màmá sọ láàárọ̀ ló wà létí mi.

Mò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Màmá wà ní kíṣìnì, wọ́n ń bẹ ewùrà, Ìyá Ẹlẹ́kọ dúró lójú fèrèsé bí wọ́n ṣe máa ń dúró, igbá wọn lórí. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní, "Ẹ̀yin náà ti fẹ́ sinmi báyìí o, ariwo ọmọ ti fẹ́ tán lọ́dọ̀ yín." Màmá ò dáhùn kíá. Mo ń gbọ́ ọ̀bẹ lára iṣu. Wọ́n wá ní, "Ilé yìí á wá tóbi."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo.

Ká ní wọ́n sunkún ni, ó ti yé mi nìyẹn, èmi náà á sunkún, a ó jọ nu ojú nù, ó tán. Àmọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò á rọ̀ nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Láti ìgbà tí físà ti jáde, ẹ mọ̀ bí inú màmá ṣe ń dùn, àwọn ni wọ́n ń sọ fún gbogbo àdúgbò, àwọn ni wọ́n lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí èmi gan-an tó lọ. Wọn ò tíì sọ gbólóhùn kan fún mi tó jọ èyí tí wọ́n sọ fún Ìyá Ẹlẹ́kọ.

Ilé yìí ò sì tóbi. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ni, bàbá mi fi owó kékeré kékeré kọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ kan wà tí wọn ò rẹ́ títí tí wọ́n fi lọ. Iléyá tó kọjá tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Abẹ́òkúta, orí ẹní ni gbogbo wa sùn, ẹsẹ̀ ẹnì kan lójú ẹnì kejì, màmá gan-an ló ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa tètè kọ́ tiẹ̀ kí àwọn náà ráyè mí.

Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ráyè mí náà ni wọ́n ń sọ. Ó lè jẹ́ pé inú wọn dùn sí i. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí Ọ̀gá Kékeré, ọmọ mi kejì, ń gun ẹ̀yìn wọn láago márùn-ún ìdájí...

Rárá, kì í ṣe ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ ni pé ó ti lé lọ́dún kan tá a ti ń gbọ́ "ilé ò tóbi tó" láti ọ̀dọ̀ bàbá àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ẹ rántí. Kí ìjọba Ítálì tó gbà kó kó wa wá, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé tó ń gbé gba gbogbo wa, ìjọba ìbílẹ̀ á sì fún un níwèé sí i. Wọn kì í wo ojú èèyàn sí i. Mítà onígun mẹ́rin 14 fún orí kan, títí dé orí mẹ́rin, tó bá ju mẹ́rin lọ, 10 fún orí kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Àwa mẹ́rin, 56 nìyẹn. Yàrá tí òun àti àwọn méjì jọ ń gbé tẹ́lẹ̀ ò lè dé bẹ̀ láéláé. Ó wá ilé títí, ó pe onílé kan lórí fóònù, ìyẹn ní ilé wà, ó débẹ̀, onílé rí ojú ẹ̀, ilé ò sí mọ́. Ìgbà mẹ́ta ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn alẹ́ yẹn kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á kàn gbé kámẹ́rà sójú fèrèsé kí n máa wo iná ìlú lórí omi.

Eléyìí tó wá rí, 61 ni. Àjà kẹta, kò sí líìfù, ẹ̀gbẹ́ òkè ni ilé wà. Ọjọ́ tó rí i ó pariwo lórí fóònù, ó ní "Ó tóbi! Ó tóbi!" Èmi náà pariwo. Màmá jáde láti yàrá, wọ́n bá wa pariwo, wọ́n jó.

Ẹ̀ ń rí i? Màmá jó fún 61 yẹn.

Lónìí: a gba abẹ́rẹ́ Ọ̀gá Kékeré, ó sunkún. Mo ta fíríìsà. A dé Òkè-Ajé, a ra swẹ́tà òkìríkà mẹ́rin, èyí tí Ọ̀gá Kékeré mú dé e lórúnkún, kò gbà kí n dá a padà.

Bó ti wù kó rí, mo fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó má dà bíi pé wọ́n ń fi tipá mú mi lọ. Oyún Ọ̀gá Kékeré ni mo fi sin bàbá ẹ̀ dé pápákọ̀ òfurufú, ọmọ yẹn ti pé ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì fọwọ́ kan bàbá ẹ̀. Mo fẹ́ jí kí n bá ọkọ mi nílé. Mo dẹ̀ fẹ́ rí omi yẹn. Lecco lórúkọ ìlú náà, ọkọ̀ ojú irin ń gbé èèyàn dé Milan láàárín bíi wákàtí kan. Iṣẹ́ irin ni wọ́n mọ ìlú náà mọ́ láti ayé wọn wá, ilé iṣẹ́ irin náà ni ọkọ mi ń bá ṣe. Adágún omi Como ló wà níwájú ìlú, òkè ló yí i ká. Tẹ́ ẹ bá wo omi náà nínú máàpù, ó dà bí ọ̀pá rọ́bà tí àwọn ọmọkùnrin fi ń ta ẹyẹ tí wọ́n wá dojú ẹ̀ dé, Lecco wà lẹ́nu ẹsẹ̀ kan, Como wà lẹ́nu ẹsẹ̀ kejì. Òkè kan wà lókè ìlú tí wọ́n ń pè ní Resegone, orí ẹ̀ rí gbágungbàgun bí eyín ayùn, ayùn náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Mítà 1,875. Àwọn ọmọ mi, Olúmọ tí iléèwé kó wọn lọ wò ni wọ́n mọ̀ ní òkè.

Màmá ló béèrè ọ̀rọ̀ omi náà jù. Ọmọ etí ọ̀sà ni wọ́n, Ìwópin ni wọ́n bí wọn sí, kí wọ́n tó mọ ilé kọ́ ni wọ́n ti mọ ọkọ̀ wà. Ní gbogbo ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ bá pè, àwa á máa béèrè ilé, owó, iléèwé, màmá á gba fóònù, wọ́n á ní, "Omi yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń ru?" Ó ní ó ń ru nígbà míì. Ó ní atẹ́gùn méjì ló ní, ti àárọ̀ ń fẹ́ láti apá òkè wá, Tivano lórúkọ ẹ̀, ti ọ̀sán ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá, Breva nìyẹn, àwọn apẹja sì mọ àsìkò méjèèjì. Ìyẹn tẹ́ màmá lọ́rùn gan-an. Wọ́n ní omi tí atẹ́gùn ẹ̀ bá ní àsìkò, èèyàn lè bá a gbé. Wọ́n wá béèrè bó ṣe jìn tó, ó ní ibi tó jìn jù níbẹ̀ lé ní 400 mítà. Màmá dákẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀, ọ̀pá á kanlẹ̀, ọkọ̀ á lọ. Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe omi mọ́, kòtò ni." Àtọjọ́ yẹn, wọ́n ti sọ fún Ọ̀gá Kékeré ó tó ìgbà ogún pé kò gbọdọ̀ dé etí ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Wọ́n tún fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹja ibẹ̀. Ẹja kékeré kan tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á tò ó sínú agolo pẹ̀lú ewé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí òróró ẹ̀ á fi jáde. Màmá ní ṣé ẹ rí i, èèyàn náà ni wọ́n.

Ẹja nìkan náà ló jọ pé màá lè gbé lọ. Ẹran ò gbọdọ̀ wọlé, pọ̀nmọ́ náà ẹran ni lójú òfin, wàrà ò gbọdọ̀ wọlé. Ẹja gbígbẹ, wọ́n gbà á títí dé kílò 20. Iṣu tútù, àfi tó bá ní ìwé ẹ̀rí ìjọba pé kò ní kòkòrò, ta ló fẹ́ máa gba ìwé ẹ̀rí fún ewùrà? Gáàrí Ìjẹ̀bú wà, mo ti di tiẹ̀, ó kan dáadáa. Ìkọ́kọrẹ́ ni kò sí. Ìgbà tí màmá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sè é, ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ọ̀sẹ̀ méjì yìí la jẹ lónìí, àkọ́bí mi ní òun ò fẹ́ mọ́, mo wò ó lójú, ó jẹ ẹ́ tán. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Òun náà ló béèrè lálẹ́ àná pé kí ló dé tí ìyá àgbà ò lè bá wa lọ, ṣebí ilé tóbi, 61 ni. Mi ò lè sọ ọ́ tán fún un. Òfin wọn, ọkọ, ìyàwó, ọmọ tí kò tíì pé 18. Òbí, àfi tí kò bá ní ọmọ mìíràn nílé, tó bá sì ti lé lọ́dún 65, àfi tí àwọn ọmọ tó kù bá ń ṣàìsàn tó le tí wọn ò lè tọ́jú ẹ̀, kó wà nínú ìwé dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Abẹ́òkúta, ara ẹ̀ le, mo dúpẹ́. Kí ni kí n wá máa gbàdúrà fún? Nígbà míì tí mo bá ka ìwé wọ̀nyẹn, inú á bí mi, bí ẹni pé ẹnì kan mú àlùmọ́gàjí gé ìdílé mi sí méjì níbi tí kò sí ìlà. Èmi tí mò ń gé aṣọ. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń gé nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á máa wá lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ó dáa. Á wá. Ó ṣáà ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo wọn màmá fún aṣọ Ojúde Ọba, ẹgbẹ́ wọn ti yan tọdún yìí, èmi ni mo máa ń rán tiwọn, mo ní kí n rán an sílẹ̀. Ìbàdí wọn ti fi ínǹṣì méjì dín sí ti èṣí. Mi ò sọ fún wọn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí, mo sì gé aṣọ náà bíi ti èṣí.

Lójú ẹsẹ̀ yìí ni mo rí i pé téèpù wà lọ́rùn mi láti ìrọ̀lẹ́. Mo dìde. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pálọ̀, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí téèpù bá parí sí, mo ń tún un mú, mo kọlu àga, ariwo sọ. Màmá jáde pẹ̀lú àtùpà. Wọ́n wò mí. Mo rò pé wọ́n á bi mí pé ṣé kò rẹ̀ mí ni, wọn ò béèrè nǹkan kan, wọ́n gbé àtùpà sílẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ orí téèpù mọ́lẹ̀ fún mi kó má baà máa sá. Bá a ṣe wọn apá kan nìyẹn, a wọn apá kejì. Mítà mẹ́rin lọ́nà kan, mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà 60 lọ́nà kejì. Mo fi fóònù ṣírò ẹ̀.

"Mélòó ni?"

"14 lé díẹ̀, Màmá."

"Ṣé ìyẹn tó?"

Mo ní lójú ìjọba ibẹ̀, ó tó èèyàn kan.

Màmá wo pálọ̀ yíká, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé ibẹ̀. Wọ́n wo ibi tí fíríìsà wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Yàrá mẹ́ta ló wá kù nìyẹn." Ohùn kan náà, ti àárọ̀.

Mo fẹ́ sọ pé mo gbọ́ yín láàárọ̀. Ó ti dé ẹnu mi. Ọ̀gá Kékeré ló kígbe láti inú yàrá pé òun fẹ́ tọ̀, màmá sì ti gbé àtùpà kí n tó yà, mo ń gbọ́ àwọn méjèèjì lọ́nà ilé ìwẹ̀, ó ń béèrè bóyá ẹja inú kòtò yẹn máa ń rí ilẹ̀, màmá ń sọ fún un pé kó wo iwájú ẹ̀.

Iná ti dé. Ewùrà kan ṣì kù ní kíṣìnì, èyí tó tóbi jù, wọ́n ní Friday la ó jẹ ẹ́. Ọjọ́ Saturday la ń lọ. Ẹ jẹ́ n rán ọrùn bùbá yìí.