Ọmọ tuntun, káàsíìtì méjì, ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì

Oyún ọmọ wa kejì ò tíì yọ síta dáadáa táwọn èèyàn ti ń béèrè pé ọkọ̀ wo la fẹ́ rà. Gbogbo ẹni tó bá ti rí Toyota Aygo kékeré wa níwájú ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ni, "ẹ ò lè fi eléyìí gbé ọmọ méjì o, ilẹ̀kùn méjì péré, ẹ lọ gba ọkọ̀ elérò méje lórí finance jàre." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n máa ń yọ lóṣooṣù lórí ọkọ̀ finance ní London ńbí kì í ṣe kékeré rárá, ẹni tó sì wà lórí maternity leave, ìyẹn ìsinmi ìbímọ, tó bá jẹ́ iye tí òfin là kalẹ̀ nìkan ni ibi iṣẹ́ ẹ̀ ń san, ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ nìkan ló máa gba 90% owó ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn owó yẹn á já wálẹ̀ wòòò. Ṣé àkókò yẹn lèèyàn fẹ́ kó sí gbèsè ọkọ̀? Ọkọ̀ wa ń mu epo díẹ̀, ínṣọ́ránsì ẹ̀ ò wọ́n, owó èéfín ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ULEZ, tí wọ́n nà dé gbogbo ìgboro London láti oṣù kẹjọ 2023, £12.50 lójúmọ́ fún ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ bá pọ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ, tiwa ò san án. A ò tà á. Ọmọ yẹn sì ti ń rìn báyìí.

Ohun tí mo wá rí ni pé ọmọ ìkókó kọ́ ni wàhálà ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì. Ọmọ tó ti ń rìn, tó máa ń gan gbandi tí ò bá fẹ́ jókòó, òun gan-an ni wàhálà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ta ọkọ̀ wọn ní ọdún tó yẹ kí wọ́n ṣì máa lò ó.

Ká kọ́kọ́ sọ ti òfin, torí òun ló ń pinnu ìyókù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńbí ọmọ gbọ́dọ̀ máa jókòó sí káàsíìtì, ìyẹn ìjókòó ọmọdé tí wọ́n ń dè mọ́ inú ọkọ̀, èyí tó bá a mu, títí tó fi pé ọdún 12 tàbí tó fi ga tó sẹ̀ntímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, tọ́wọ́ òfin bá sì ba èèyàn, owó ìtanràn lè tó £500. Tó bá jẹ́ káàsíìtì i-Size lẹ rà, èyí tí wọ́n kọ R129 sí lára, ọmọ ò gbọ́dọ̀ kọjú síwájú àfi tó bá ti ju oṣù 15 lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dé sí ọkọ̀ kékeré nìyẹn, torí káàsíìtì tó kọjú sẹ́yìn máa ń gba àyè gan-an láti iwájú sí ẹ̀yìn, síìtì tó wà níwájú ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sún síwájú fún un.

Èyí tá a rà ni èyí tó lọ́wọ́, téèyàn máa ń gbé wọlé gbé jáde bíi apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ nínú ẹ̀, tó ní béèsì tó ń dúró sínú ọkọ̀ nígbà gbogbo. Fún ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, mi ò rò pé ó yẹ kéèyàn ra òmíràn fún ọmọ tuntun. Béèsì yẹn máa ń kọ́ mọ́ irin ISOFIX méjì tó fara pamọ́ sáàárín ibi ìjókòó àti ibi ìfẹ̀yìntì, ó wá ní ẹsẹ̀ kan tó ń dúró lórí ilẹ̀ ọkọ̀, tí gbogbo ẹ̀ bá ti wọlé dáadáa, àmì tó wà lára ẹ̀ á di gíríìnì. (Tí ọkọ̀ yín bá ní ihò ìkẹ́rùsí lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ yẹn lé e o, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ọkọ̀ yín.) Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ lọ síbi orúkọ àwọn ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàsíìtì náà kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá tiyín wà níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo béèsì ló ń wọ gbogbo ọkọ̀. Tí kò bá sí ISOFIX, bẹ́líìtì ọkọ̀ náà lè dè é, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkọ̀ kékeré kan bẹ́líìtì ẹ̀yìn kì í gùn tó láti yí káàsíìtì ọmọ ìkókó ká, ẹ gbìyànjú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èyí tó ń yí po, tí wọ́n ń polówó kiri pé á dojú kọ ilẹ̀kùn fún yín kẹ́ ẹ lè tètè gbé ọmọ sí i, ó dáa gan-an fún ọkọ̀ tó nílẹ̀kùn lẹ́yìn. Nínú tiwa kò sí ilẹ̀kùn kankan tó máa dojú kọ, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló máa yí sí, ó tún máa ń wúwo, ó sì máa ń gba àyè jù. Ẹ fi owó yẹn ra nǹkan mìíì.

Ó wá ku ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí. Tiwa wà lẹ́yìn síìtì èrò iwájú, lọ́wọ́ òsì, torí ọ̀tún ni dírẹ́bà ń jókòó sí níbí, òsì ló máa ń kọjú sí ibi táwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́ ẹ bá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì gùn ju ti onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ máa ṣí i sójú títì nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ kọ́ǹgọ́ tẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn sí mọ́tò tó ń bọ̀. Ìdí kejì ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, síìtì èrò iwájú nìkan ló máa ń tẹ̀ síwájú tó tún máa ń sún lọ lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀nà lè là dáadáa.

Bá a ṣe máa ń ṣe é rèé. Inú ilé la ti máa ń de ọmọ mọ́ káàsíìtì, nínú ooru, láìsí kọ́ọ̀tù tó nípọn lára ẹ̀, torí kọ́ọ̀tù òtútù yẹn máa ń jẹ́ kí okùn dà bíi pé ó fún mọ́ra nígbà tí ò fún rárá. Blánkẹ́ẹ̀tì la máa ń dà bò ó lórí okùn. Okùn èjìká gbọ́dọ̀ jáde ní déédéé èjìká ọmọ tàbí nísàlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ṣì kọjú sẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá sì fi ìka méjì fún okùn yẹn lórí èjìká ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí èyí tó máa ká jọ síbẹ̀. A dé ìdí ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé, láti ẹ̀gbẹ́ òsì náà, á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ béèsì lọ jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà lórí ìjókòó tiẹ̀, èyí tó ní ibi ìfẹ̀yìntì gíga, a ó de bẹ́líìtì ẹ̀. Ìgbà yẹn la tó máa gbé kékeré wọlé, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, a ó yí i díẹ̀ kó gba ẹnu ọ̀nà, a ó gbé e lé béèsì títí a ó fi gbọ́ ọ tó dún kpá, a ó wá dá síìtì iwájú padà. Tá a bá dé ibi tá à ń lọ, kékeré ló ń kọ́kọ́ jáde. Tẹ́ ẹ bá yí ètò yìí po, ẹ ó kàn máa na ọwọ́ kọjá lórí ọmọ tó ń sùn láti tú bẹ́líìtì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán ìgbé yẹn wò. Wọ́n máa ń sọ fún wa nílé ìwòsàn pé ká má gbé ohun tó bá wúwo ju ọmọ lọ lọ́sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọmọ pẹ̀lú káàsíìtì sì ju ọmọ lọ dáadáa, téèyàn bá tún wá tẹ̀ kọ́ǹgọ́ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀, ojú iṣẹ́ abẹ ló ń fà yẹn. Ọkọ mi ló gbé e ní gbogbo àkókò yẹn. Tí kò bá sí nílé, a ò jáde pẹ̀lú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ṣebí iwájú rọrùn, kí wọ́n kúkú gbé ọmọ síwájú. Òfin ò kọ̀ ọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ti pa airbag iwájú, báàgì tó máa ń wú jáde tí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, kú fin-ín kí káàsíìtì tó kọjú sẹ́yìn tó lè débẹ̀, torí tí airbag yẹn bá tú lójijì, ẹ̀yìn káàsíìtì níbi tí orí ọmọ wà gan-an ló máa gbá, ó lè pa ọmọ. Ẹ̀yìn ló dáa jù lójú tèmi, àyàfi tí ò bá sí ọ̀nà míì rárá.

Ìyá ọkọ mi wá láti Abẹ́òkúta wá bá wa wẹ ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ jọ jáde, wọ́n na ọwọ́ sí mi pé, "Ìyàwó mi, gbé e fún mi, orí ẹsẹ̀ ni mo gbé bàbá ẹ̀ sí láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn." Mo ní, "Ẹ má bínú mà, òfin wọn ò gbà á níbí, tí wọ́n bá sì tẹ bíréèkì lójijì, kò sí ọwọ́ tó lè di ọmọ mú, bó ti wù kó lágbára tó." Wọ́n gbà. Ìṣòro tó kù ni orúnkún wọn, torí síìtì iwájú ti sún síwájú nítorí ọmọ, ẹsẹ̀ wọn ò lè nà. Ẹ̀yìn la wá ń fi wọ́n sí, lẹ́yìn dírẹ́bà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìdí jókòó sí etí síìtì ẹ̀yìn, wọ́n á di orí síìtì iwájú mú, wọ́n á fa ẹsẹ̀ kan wọlé kí wọ́n tó fa ìkejì, wọ́n á sún kọjá béèsì, lẹ́yìn náà la máa gbé ọmọ wọlé. Èrò mẹ́rin péré ni Aygo ń gbé, méjì níwájú méjì lẹ́yìn, torí náà lọ́jọ́ ìsinmi tá a bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Old Kent Road, èmi ló ń wa ọkọ̀, ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n ọmọ á wọ bọ́ọ̀sì. Inú ọmọ yẹn máa ń dùn, òkè bọ́ọ̀sì níwájú pátápátá ló máa ń jókòó sí.

Búùtù wa, líítà 168 ni, ìran Aygo tó jáde lọ́dún 2014. Ẹ mú téèpù dání kẹ́ ẹ wọn búùtù kẹ́ ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ kiri, kẹ̀kẹ́ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn ò ní wọ̀ ọ́ láéláé, èyí tó ká kéékèèké ló lè wọ̀ ọ́, tó tún máa ṣẹ́ àyè kù fún báàgì. Nígbà tí ọrùn ọmọ ti le dáadáa, ọ̀já ìyá ọkọ mi ló wá gbà wá. Tá a bá ń lọ òde ariya lọ́jọ́ Sátidé, kẹ̀kẹ́ á dúró sílé, kúlà oúnjẹ á gba búùtù, ọmọ á wà nínú káàsíìtì dé ẹnu họ́ọ̀lù, wọ́n á pọ̀n ọ́n níbẹ̀, ó parí. Ìrìn tó bá jìn, a máa ń dúró lọ́nà ká gbé ọmọ jáde, torí wọ́n ń kìlọ̀ pé kí ọmọ má ju wákàtí méjì lọ nínú káàsíìtì, ọmọ tuntun gan-an ò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí ní súpámákẹ́ẹ̀tì nira ju inú ọkọ̀ gan-an lọ. Ilẹ̀kùn gígùn yẹn, tí ọkọ̀ kan bá páàkì tì yín pẹ́kípẹ́kí, ẹ ò lè ṣí i tó láti gbé káàsíìtì jáde. Ẹ wá ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọlọ́mọ, tí ò bá sí, ẹ lọ jìnnà lọ sígun níbi tí ẹ̀gbẹ́ kan ò ní ọkọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, tí àǹtí kan bá fẹ́ fi káàsíìtì ránṣẹ́ láti Houston, ẹ dúpẹ́ púpọ̀ kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi aṣọ ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ìlànà tiwọn ni wọ́n fi ṣe é, kò ní àmì E tó wà nínú òbìrìkítí, kò sì bá òfin mu níbí. Káàsíìtì àlòkù tẹ́ ò mọ ibi tó ti wá náà, ẹ fi sílẹ̀, ojú ò lè rí i bóyá ó ti wà nínú jàm̀bá rí.

Ọmọ wá dàgbà, ó ga ju èyí tó lọ́wọ́ yẹn lọ. Èyí ńlá tá a rà kì í jáde kúrò nínú ọkọ̀, inú ọkọ̀ lèèyàn ti gbọ́dọ̀ de ọmọ mọ́ ọn. Èmi náà á wọ ẹ̀yìn, màá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìtì tó tẹ̀ síwájú, orí mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan òrùlé, màá fi ọwọ́ kan tẹ ikùn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó yéé gan, màá fi ìkejì wá okùn tó ti há sábẹ́ ìdí ẹ̀, òjò ń rọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ lóde. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ọmọ kan ṣoṣo, mo rò pé èèyàn ṣì lè fara dà á. Ọmọ méjì, rárá, ìgbà yìí ni mo gbà pé ó tó àsìkò láti pààrọ̀ ọkọ̀.

Kì í ṣe elérò méje la máa rà náà. Ọkọ̀ kékeré tó nílẹ̀kùn lẹ́yìn ti tó, Toyota Yaris la ń wò báyìí, owó tá a ti ń tọ́jú láti ọdún tó kọjá la máa fi rà á. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀, ẹ gbé káàsíìtì méjèèjì dání. Ẹ dè wọ́n síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, kí ẹni tó ga jù nínú yín jókòó síwájú níbi tó ti máa ń jókòó gangan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá síìtì iwájú ò fún káàsíìtì ọmọ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ ká kẹ̀kẹ́ ọmọ sínú búùtù kẹ́ ẹ pa á dé. Tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá ní kò sáyè fún ìyẹn, ẹ kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ pọ̀.