Ìdílé Ìyàwó Mi ní Mayo: Ibi Tí Mo Bá Iṣẹ́ Dé

Àwọn ọmọ mi mọ oríkì ìdílé tèmi dáadáa. Ti ìhà ìyá wọn, tó jẹ́ ọmọ Mayo ní Írẹ́lándì, ni mo gbájú mọ́ báyìí.

Ẹni tó bá ń wá ẹbí ní Írẹ́lándì á kọ́kọ́ bá eérú pàdé. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà ọdún 1922, nígbà ogun abẹ́lé, ilé tí ìjọba ń kó ìwé sí ní Four Courts, Dublin, bú gbàmù, ó sì jóná. Ìwé ìkànìyàn 1821 títí dé 1851 fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán pátápátá. Ti 1861 sí 1891 ò tilẹ̀ dúró de iná yẹn, ìjọba ti pa wọ́n run ṣáájú. Ó dùn mí wọra.

Ti 1901 àti 1911 ló kù lódindi, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá tó bí bàbá àgbà Màmá, ìyẹn ìyá ìyàwó mi. Lọ́dún 1911, opó ni. Àwọn abilékọ tí ọkọ wọn wà láàyè nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n kọ iye ọmọ tí wọ́n bí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ tirẹ̀ náà: mọ́kànlá, méje ló kù. Ẹnì kan fi gègé fa ìlà lé e. A ṣì ń kà á kedere.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ló wá ya mí lẹ́nu: 50 ní 1901, 70 ní 1911! Owó arúgbó ló fà á. Oṣù kìíní 1909 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san án fún ẹni tó bá pé àádọ́rin ọdún nígbà náà, bẹ́ẹ̀ 1864 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ gbogbo ọmọ tuntun sílẹ̀. Báwo ni arúgbó ṣe máa fi ẹ̀rí hàn? Àwọn akọ̀wé ní Dublin ló ń bá wọn yẹ ìwé ìkànìyàn 1841 àti 1851 wò, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù náà ṣì wà.

Mo rí tìyá yìí. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, tìyá rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá tiyẹn, àti abúlé wọn. Nísàlẹ̀, akọ̀wé kọ ọ́ pé òun rí i, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní 1851, àwọn òbí rẹ̀ sì ṣègbéyàwó ní 1838. Ti 1911 ló sún mọ́ òótọ́ nígbà náà. Ti 1901 ni kò pé. Ìwé ńlá jóná, ìlà díẹ̀ tí akọ̀wé dà kọ nítorí owó oúnjẹ arúgbó kan kò jóná. Nígbà tí mo ka orúkọ wọn fún Màmá lórí fóònù, wọ́n ní kí n tún un pè.

Mo ti rí bàbá náà nínú ìwé ìdíyelé ilẹ̀ Griffith, ní abúlé kan náà, ó ń sanwó ilẹ̀ fún onílẹ̀. Ìwé ìrìbọmi ìjọ Àgùdà tiwọn kò pẹ́ tó, ẹ̀yìn ìbí ọmọ náà ló bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìdámẹ́wàá oko, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó ní láti san ìdámẹ́wàá fún ìjọ, tí wọ́n kọ láàárín 1823 sí 1837, ló kàn. Bí bàbá àgbà ọmọbìnrin náà bá ń dáko níbẹ̀ nígbà yẹn, orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀.