Mo kàn fẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù jáde ni

Òní Ìṣẹ́gun, òjò London ò tún fẹ́ dá. Pírńtà mi ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe gbéra lọ sí láíbìrì Peckham nìyẹn, kí n tẹ fọ́ọ̀mù ojú ewé méjì péré kí n sì máa bọ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni mo lò níbẹ̀.

Ẹni tí ò bá rí ilé yẹn rí, ẹ jẹ́ n júwe ẹ̀. Bàbà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bo ara ẹ̀, òkè ẹ̀ yọ síwájú bíi lẹ́tà L tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé e dúró, wọ́n fì sọ́tùn-ún fì sósì bí ẹni tó mẹmu yó. Will Alsop, ayàwòrán ilé, ló yà á, ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ọdún yẹn náà ló gba ẹ̀bùn Stirling tí wọ́n máa ń fún ilé tó dáa jù lọ́dún ní Britain. Tí kì í bá ṣe LIBRARY gàdàgbà tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ ni, ǹ bá ti pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí fóònù, ni màmá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá yíjú sí mi. "Ọmọ Yorùbá ni ẹ́, àbí? Jọ̀ọ́ ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí, ó tún ti lé mi jáde." Mo ní ẹ káàsán mà. Fọ́ọ̀mù ilé gbígbé ni wọ́n ń fíìlì, ẹ̀yìn ìwé orin ni wọ́n kọ páásíwọ́ọ̀dù wọn sí, wọ́n ti fagi lé e lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn kan á ní kí là ń fi láíbìrì ṣe nígbà tí ìwé ti kún inú fóònù. Ṣé torí ìwé là ń ṣe lọ tẹ́lẹ̀ ni? Nígbà tí mo ń múra JAMB, èyí tó wà nítòsí wa, eruku ti bo ìwé orí ṣẹ́ẹ̀fù ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ tó bá fi máa di aago mẹ́jọ àárọ̀ kò ní sí àga mọ́. Nóòtù tiwa la máa ń gbé lọ. Tábìlì, ìdákẹ́jẹ́ àti fáànù la wá gbà. Iná bá lọ, ẹni tó bá jókòó sídìí fèrèsé nìkan ló rí nǹkan kà lọ́jọ́ yẹn.

Torí ẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n ya láíbìrì ọjọ́ iwájú fún Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí róbọ́ọ̀tì. Sólà lórí òrùlé, fèrèsé gíga tí atẹ́gùn á fi máa gba ọ̀tún wọlé gba òsì jáde, sọ́kẹ́ẹ̀tì lábẹ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan, ilé ìyàgbẹ́ tó lómi (ẹ má rẹ́rìn-ín, omi yẹn ṣe pàtàkì ju kọ̀ǹpútà lọ). Lẹ́yìn náà, yàrá kan téèyàn ti lè pariwo. Àwọn ará Finland ti ṣe é: Oodi ní Helsinki, December 2018 ni wọ́n ṣí i, ó kọjú sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn gan-an, ìwé bí 100,000 wà ní àjà òkè pátápátá, àmọ́ ní àjà àárín, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ ó bá níbẹ̀, àti yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Yàrá ohùn yẹn ló wọ̀ mí lójú jù. Oríkì ìdílé wa wà lẹ́nu ìyá àgbà mi títí wọ́n fi kú, ẹnì kankan nínú wa ò gbà á sílẹ̀.

Mo ń ro gbogbo èyí fún màmá bí fọ́ọ̀mù ṣe ń lóòdù. Ìgbà tí mo débi ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní télọ̀ làwọn ní Mushin fún ọdún 19 káwọn tó wá síbí.

"Nínú láíbìrì? Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Wọ́n tún wo fọ́ọ̀mù wọn díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n ní èyí tí wọ́n fi ń ṣe wífìn?"