Wákàtí kan àbọ̀ tí wọ́n fẹ́ yọ nínú ọjọ́ ọmọ mi

Ní iléèwé ọmọ mi, aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 10 ni aago oúnjẹ máa ń dún. Kó tó dún tán ni Àlàó á ti fọwọ́ di etí ẹ̀ méjèèjì, tí kò bá sì sẹ́ni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lákòókò yẹn, ó ti sá nìyẹn. Kò síbi tó ń sá lọ o, ariwo ló ń sá fún. Ẹ wo yàrá ńlá kan tí ọmọ bí ọgọ́rùn-ún wà nínú ẹ̀, ṣíbí ń ró, wọ́n ń wọ́ àga nílẹ̀, oríṣiríṣi òórùn oúnjẹ ń lù ara wọn, èmi àgbàlagbà gan-an tí wọ́n bá fi mí síbẹ̀ fún wákàtí kan, orí á máa fọ́ mi.

Àlàó kọ́ lorúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé, oríkì tí màmá mi fi máa ń kì í lórí fóònù ni, òun ni màá fi pè é níbí. Ọmọ ọdún 7 ni. Ó ní autism, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí ọpọlọ ẹ̀ gbà ń gba ọ̀rọ̀ àti ariwo yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu ẹ̀ kò tó ọgbọ̀n, ìdajì ẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá: omi, wá, gbé mi, ó tó. "Ó tó" yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí tó bá ti sọ ọ́ báyìí, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tẹ́ ẹ ní láti mú un kúrò níbẹ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́. Tíṣà ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. SENCO, tíṣà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìrànlọ́wọ́, ò mọ̀ ọ́n. One-to-one ẹ̀, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ tó wà fún òun nìkan níléèwé, ló mọ̀ ọ́n, obìnrin ará Jamaica kan ní South East London níbí, Miss la máa ń pè é, tí kò gbọ́ Yorùbá kankan rí kó tó mọ ọmọ mi. Ó dá mi dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé kí ni "oto" tí ọmọ yìí máa ń sọ. Mo ṣàlàyé fún un. Láti ọjọ́ yẹn, tí Àlàó bá ti sọ ọ́, òun náà á dá a lóhùn, "ó tó, ó tó," á nawọ́ sí i, wọ́n á jọ jáde. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fetí ara mi gbọ́ ọ, inú mọ́tò ni mo dé tí mo bú sẹ́kún.

Mo sọ èyí torí pé àwọn kan rò pé ńṣe ni one-to-one kàn ń ṣọ́ ọmọ. Rárá o. Miss á ti mú un jáde kíláàsì ní ìṣẹ́jú 5 kí aago tó dún, á fi àwòrán hàn án pé oúnjẹ ló kàn, á jókòó tì í lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tí ariwo ti kéré, á máa ṣọ́ ọwọ́ ẹ̀ ní pápá torí ó máa ń kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́nu. Kíkọ́ ni gbogbo ẹ̀.

Nígbà tó di September ọdún tó kọjá, wọ́n ní Miss á máa ran ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́ pọ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí. Ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ni pé ọmọ ń padà wálé pẹ̀lú kọ́là aṣọ ẹ̀ tó ti jẹ tú. Mo lọ bá wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi dáadáa, wọ́n ní kò sóhun tó yí padà, wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé EHCP ẹ̀, ìyẹn ìwé tí káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, kọ nípa ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kó rí. Mo délé, mo gbé EHCP náà jáde, òótọ́ ni wọ́n sọ, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé Àlàó yóò ní àǹfààní láti rí ìrànlọ́wọ́ àgbàlagbà jálẹ̀ ọjọ́, bó bá ṣe yẹ. "Access to adult support, as appropriate." Ẹ tún un kà. Àgbàlagbà mélòó? Wákàtí mélòó? Ta ló máa sọ bó ṣe yẹ? Tí àgbàlagbà kan bá wà nínú kíláàsì yẹn tó jókòó sí igun kejì, tí ọmọ mi wà ní igun kìíní tó ń jẹ kọ́là, àǹfààní ti wà nìyẹn, wọ́n ti ṣe ohun tí ìwé sọ.

Èmi ni mo sì gbà fún wọn. Nígbà tí wọ́n fi dráfùtì ìwé náà ránṣẹ́, ọjọ́ 15 ni òfin fún òbí láti fèsì, èmi lo ọjọ́ kan péré, mo kọ ímeèlì pé ẹ ṣeun púpọ̀. Ní Ìjẹ̀bú tí mo dàgbà sí, òbí kì í bá tíṣà jiyàn, màmá mi máa ń di iṣu mẹ́ta lọ kí tíṣà wa lópin ọdún ni. Mo gbé ọkàn yẹn wá sílùú yìí, àwa púpọ̀ la gbé e wá, a máa ń rò pé tá a bá ti níwà, tá a sì ń dúpẹ́, wọ́n á tọ́jú ọmọ wa. Ìwà dáa o. Ṣùgbọ́n ìwà ò sí ní Section F, apá ibi tí wọ́n ń kọ ìrànlọ́wọ́ ọmọ níléèwé sí nínú EHCP.

Fún ẹni tí kò mọ̀, òfin Children and Families Act 2014 ló gbé EHCP kalẹ̀ ní England níbí. Ọ̀sẹ̀ 20 ni káńsù ní láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti bèèrè títí ìwé á fi jáde, tiwa kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Láti A dé K ni wọ́n pín in, ẹ lè ka gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n F ni kẹ́ ẹ jókòó tì, torí ohun tí wọ́n bá kọ sí F, section 42 òfin náà sọ pé dandan ni kí káńsù pèsè ẹ̀. Kò sọ pé tówó bá wà. Láti 1998 ni adájọ́ ti sọ nínú ẹjọ́ kan tó kan káńsù Somerset pé irú ìwé báyìí gbọ́dọ̀ ṣe pàtó débi tí kò ní sí iyèméjì kankan nípa ohun tí wọ́n pinnu fún ọmọ. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí lẹ́nu IPSEA, àwọn tó máa ń fún òbí nímọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́, ara mi gbọ̀n, torí mo ti rò pé bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn.

October ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni mo wà tí wọ́n pè mí pé Àlàó jáde "fún ìṣẹ́jú díẹ̀" lásìkò oúnjẹ, pé ara ẹ̀ le, kí n má dààmú. Ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí ni wọ́n ti rí i, láàárín mọ́tò méjì. Awakọ̀ tó kó èso wá fún kíṣìnnì ló rí i. Kì í ṣe tíṣà, kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ kankan, ẹni tó kó ápù wá ni. Mi ò mọ bàbá náà, mi ò rí i rí, mo ṣì ń gbàdúrà fún un títí dòní.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, tó o bá yí màmá kan padà lórí bẹ́ẹ̀dì láàárín òru, tó ò kọ ọ́ sílẹ̀, o ò yí i nìyẹn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ wa wò nìyẹn. Àṣé ohun tí mò ń ṣe fún ìyá oníyàá lálaalẹ́ ni mi ò ṣe fún ọmọ tèmi. Mo ra ìwé kan ní ọjà Peckham. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́, ọjọ́, àkókò, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ fún mi. Tí wọ́n bá sọ nǹkan fún mi lẹ́nu géètì, màá lọ sílé, màá fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi lónìí ni pé báyìí báyìí, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Mo tún bèèrè gbogbo àkọsílẹ̀ tí wọ́n ní nípa ọmọ mi, oṣù kan ni òfin fún wọn láti kó o fún yín, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbowó. Nígbà tó dé, mo jókòó sí kíṣìnnì, mo kà á. Ìgbà 14 ni ọmọ ti sá tàbí fara pa láti September. Ìgbà 11 nínú ẹ̀ jẹ́ àsìkò oúnjẹ tàbí àsìkò eré.

Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí nígbà tí wọ́n pe mítìn ríifíù, níbi tí wọ́n ti ń tún EHCP yẹ̀ wò, tí mo gbé ìwé mi sórí tábìlì, káńsù gbà lójú ẹsẹ̀ pé àwọn á fún un ní one-to-one, wákàtí 25 lọ́sẹ̀. Gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀. Ọkọ mi fọwọ́ tẹ̀ mí lábẹ́ tábìlì pé ká dúpẹ́. Mo fẹ́ẹ̀ dúpẹ́ náà. Nígbà tó yá mo wá ṣírò ẹ̀, ọ̀sẹ̀ iléèwé jẹ́ wákàtí 32 àbọ̀, wákàtí méje àbọ̀ ti sọnù níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, wákàtí kan àbọ̀ lójúmọ́. Wákàtí kan àbọ̀ wo? Oúnjẹ àti eré! Kíláàsì nìkan ni wọ́n kà. Ibi tí ọmọ mi ti ń sá gan-an ni wọ́n yọ.

Mo ní mi ò gbà. Ohùn mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Wọ́n ní kí Àlàó lè kọ́ bó ṣe máa dá dúró ni. Mi ò fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn o, torí òótọ́ wà nínú ẹ̀, mo ti rí ọmọ tí one-to-one ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọmọ kankan ò lè bá a ṣeré, ìyẹn náà ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń kọ́ ọmọ láti dá dúró. Ọdún tó ṣáájú, Miss ló kọ́ ọ bó ṣe ń tò sórí ìlà, ó kọ́kọ́ di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó wá fi í sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ méjì, nígbà tó máa fi di oṣù karùn-ún ẹ̀yìn ìlà pátápátá ló ń dúró sí. Yíyọ èèyàn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà kọ́ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n kọ bó ṣe máa ń sún sẹ́yìn yẹn sínú F náà.

Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn mítìn sọ pé àwọn ò ní fi kún un. Ó yẹ kí ìpinnu wọn jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èmi ni mo ń fi ímeèlì lé e kiri. Lẹ́tà yẹn gan-an ló ṣílẹ̀kùn Tribunal fún mi, ilé ẹjọ́ tí òbí lè pe káńsù sí lórí ọ̀rọ̀ EHCP. Ẹ kọ́kọ́ máa bá àwọn tó ń ṣe ìlàjà sọ̀rọ̀, wọ́n á fún yín ní sàtífíkéètì bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ní ẹ ò fẹ́ ìlàjà, lẹ́yìn náà ẹ ní oṣù méjì láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ìpinnu, tàbí oṣù kan láti ọjọ́ tó wà lórí sàtífíkéètì, èyí tó bá pẹ́ jù. Kò gba kọ́bọ̀. Mi ò ní lọ́yà. Èmi àti àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti la irú ẹ̀ kọjá ló jókòó kọ ọ́, alẹ́ mẹ́ta gbáko, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ń gbọ́ gbogbo èyí lórí WhatsApp, àpò ara ẹ̀ ló ti ń sanwó shadow teacher, olùrànlọ́wọ́ tó ń jókòó ti ọmọ ẹ̀ ní kíláàsì, owó iléèwé wà lọ́tọ̀. Òfin wà ní Nàìjíríà náà fún àwọn aláàbọ̀ ara, wọ́n buwọ́ lù ú ní January 2019, ti ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti 2011, ṣùgbọ́n kò ní ìwé kan lọ́wọ́ tó lè gbé ka iwájú ọ̀gá iléèwé kó ní ẹ wo F. Ó ní kí n má ṣe torí ojú tì mí kí n fi tèmi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹjọ́ wa tó wáyé ni káńsù yí padà. Wákàtí 32 àbọ̀, àsìkò oúnjẹ àti eré wà nínú ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo fún ọmọ kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n ti kọ́ nípa autism, àti ẹnì kejì tí wọ́n máa kọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá ń ṣàìsàn. Èmi ni mo tẹnu mọ́ ẹnì kejì yẹn, torí owó tí wọ́n ń san fún Miss kéré, èèyàn bíi tiẹ̀ ò yẹ kó máa gba irú owó yẹn, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ kan á lọ.

Ẹnì kejì náà ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọ̀dọ́kùnrin kan ni. Lánàá ó dá mi dúró lẹ́nu géètì, ó ní Miss ti kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ kan, ó ní kí n gbọ́ bóyá òun ń pè é dáadáa.