Tí àwòrán STORM bá dàrú, bọ́fà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí nǹkan méjì bá sún mọ́ ara wọn ju nǹkan bí 200 nánómítà lọ, máíkíròskópù lásán á dà wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ọgbọ́n tí PALM àti STORM, ọ̀nà méjì tí a fi ń ya àwòrán nǹkan tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi borí èyí ní 2006 ni pé gbogbo molékù tó ń tàn nínú sáńpù kì í tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ á tàn, kọ̀ǹpútà á wá àárín gbùngbùn ààmì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kú, òmíràn á tàn.

Fún Alexa Fluor 647, àwọ̀ tó ń tàn tí a fi ń sàmì sí nǹkan, lésà 640 nánómítà ló ń mú un tàn, òun náà ló sì ń lé e sínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe dáadáa láìsí MEA, kẹ́míkà kan tó ń ràn án lọ́wọ́, nínú bọ́fà, ìyẹn omi tí sáńpù wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́, kì í ṣe ara lẹ́ńsì olówó ńlá.

Bọ́fà tó wọ́pọ̀ nìyí: Tris 50 mM ní pH 8, NaCl 10 mM, glúkósì 10%, glucose oxidase 0.5 mg/ml, catalase 40 µg/ml, àti MEA láàárín 10 sí 100 mM. Ó di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé sáńpù sórí máíkíròskópù kí ẹ tó po ẹ́ńsáìmù méjèèjì (glucose oxidase àti catalase) mọ́ ọn. Wọ́n ń gba ọ́síjìn kúrò nínú omi, àmọ́ ásíìdì ń jáde bí wọ́n ṣe ń ṣe é. pH á máa wálẹ̀, agbára MEA á sì máa bá a wálẹ̀. Torí náà, ẹ dé e pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì.

Ẹ má kánjú ya fọ́tò. Ẹ fi lésà 640 tó lágbára lu sáńpù títí àwọn ààmì á fi fọ́n ká, tí ọ̀kan ò ní fara kan èkejì. Bí méjì bá gun ara wọn, sọ́fúwíà lè fi ààmì kan ṣoṣo sí àárín wọn, níbi tí kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí máíkírótúbù (okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì) méjì ti dábùú ara wọn ṣe máa ń di kókó. Inú férémù gan-an, fọ́tò kọ̀ọ̀kan tí kámẹ́rà yà, lẹ ti máa rí èyí, nítorí náà ẹ má pa wọ́n rẹ́. Àwòrán tí sọ́fúwíà kó jọ máa ń rẹwà kódà tó bá ń parọ́.

Férémù 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mílísẹ́kọ́ǹdù 10 sí 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lésà 405 ló ń jí àwọn molékù tó ti wọ òkùnkùn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí ààmì bá ń dínkù. Sáńpù á yẹ̀ nípò láàárín àkókò yẹn, nítorí náà ẹ ti lẹ wúrà kéékèèké 100 nánómítà mọ́ gíláàsì, òun lẹ ó fi ṣe àtúnṣe.

Máíkírótúbù nípọn tó 25 nánómítà, ṣùgbọ́n yóò tó 50 sí 60 nínú fọ́tò yín. Antibọ́dì àkọ́kọ́ (tó di máíkírótúbù mú) àti èkejì (tó gbé àwọ̀) tó gun ara wọn ló fẹ̀ ẹ́. Nanobody, irú antibọ́dì tó kéré gan-an, máa ń dín in kù gan-an.