Ẹ má fi ìdáhùn wáyà dáhùn fún electron

Ẹ̀yin àbúrò mi ní 200 level, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máàkì ìwé yín tán ni, inú sì ń bí mi díẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Èkíní, charge (ohun kékeré tó gbé iná mànàmáná, bíi electron) tó dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà kọjá, òòfà wáyà yẹn ò lè tì í, kò sì lè fà á. Agbára òòfà lórí charge ni qvB: q ni ìwọ̀n charge, v ni eré rẹ̀, B ni pápá òòfà. Bí v bá ti jẹ́ òdo, òdo ni qvB. Kí lẹ wá ń fi kalikulétọ̀ wá kiri?

Èkejì, ẹ wo irú charge tó ń sáré. Èyí ló ń dùn mí títí dòní. Nígbà tiwa, wọ́n béèrè pé: wáyà gbé 10 A, electron kan ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 2 cm ló wà láàárín wọn, ibi tí kọ́rẹ́ǹtì kọjú sí ni òun náà kọjú sí. Ìṣirò pápá òòfà rọrùn, 10⁻⁴ T (tesla) ni. Mo ní electron yóò yà kúrò lọ́dọ̀ wáyà. Wọ́n fa ìlà pupa lé e! Ohun tí ọ̀gá tó máàkì ìwé wa rántí ni pé wáyà méjì tí kọ́rẹ́ǹtì wọn jọ ń lọ síbì kan náà máa ń fa ara wọn. Òótọ́ ni, Ampère, onífísíìsì ará Faransé, ti fi hàn láti 1820. Ṣùgbọ́n òdì ni charge electron: bó bá ń lọ síwájú, ẹ̀yìn ni kọ́rẹ́ǹtì tirẹ̀ ń lọ. Mo mú ìwé lọ bá wọn. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ní físíìsì ni, wọ́n lé mi jáde.

Lọ́dún kejì, a gbé túùbù electron jáde ní láàbù, a na wáyà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì ń lọ láti ẹ̀yìn túùbù wá síwájú gíláàsì, bí àwọn electron náà ṣe ń lọ. Bí a ṣe tan iná báyìí, àmì aláwọ̀ ewé ojú gíláàsì, níbi tí àwọn electron ti ń bà á, yẹ̀ fún wáyà, bíi mìlímítà mélòó kan. A yí orí wáyà padà lára bátìrì, ó sún mọ́ ọn. Ọ̀gá wà níbẹ̀. Fóònù ni wọ́n ń tẹ̀.

Ẹ̀kẹta ńkọ́? Òòfà ń yí ọ̀nà charge padà ni, kì í fi kún eré rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó mú ìwé rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Mi ò ní lé e.