Ilé fẹ́lóṣíìpù wa l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè

Ọdún méjì ni mo fi gbé ilé fẹ́lóṣíìpù (ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ Kristẹni jọ ń gbé) l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè nígbà tí mo wà ní OOU (Olabisi Onabanjo University; Ogun State University ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, 2001 ni wọ́n yí i padà). Àwa mẹ́jọ, yàrá mẹ́ta, aago márùn-ún ìdájí wọ́n á ti kanlẹ̀kùn fún àdúrà.

Àmọ́ oúnjẹ gan-an ni mi ò lè gbàgbé! Tówó bá ti tán, gààrí Ìjẹ̀bú ni, èyí tó kan dáadáa yẹn, ẹnì kan á mú ẹ̀pà wá, ẹlòmíì á mú ṣúgà, abọ́ ńlá kan la jọ ń bù nínú ẹ̀. Nígbà tí ibà gbé mi dè, àwọn bọ̀ọ̀dá ilé yẹn ló fọ aṣọ mi, tí wọ́n ha ewùrà se ìkọ́kọrẹ́ fún mi.